Ọmọ Méjì, Ìkòkò Ọbẹ̀ Kan

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Ìyá Bùnmi já wọ yàrá abẹ́rẹ́ bá mi láì kan ilẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Èsì ẹ̀jẹ̀ Tólú ti dé láti ìlú òyìnbó. 3.2 ni! Wọ́n ní ó yẹ kó tó 8. Ṣé ẹ rí i báyìí pé òótọ́ ni bàbá oníkápúsù yẹn ń sọ?”

Mo gba fóònù náà, mo jókòó. Àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ Tólú, ọmọ rẹ̀, ni. Ọkùnrin kan tó ń ta kápúsù òróró ẹja ló ti ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò lè jókòó kò pé, pé kí wọ́n fi oògùn wárápá sílẹ̀ kí òróró òun lè ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, oògùn wárápá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọmọ náà padà sórí rẹ̀ tún lè di ohun tí wọ́n máa jù sígbó. Oṣù méjì péré ló ti kọjá lẹ́yìn alẹ́ tí ọmọ yẹn fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Kábbà, lápá Ìjùmú. Bàbá àti ìyá ọmọ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí àwọn òbí mìíràn, kí n ṣáà má dá orúkọ wọn. Nítorí náà, Tólú kì í ṣe orúkọ ọmọ náà, Bùnmi náà kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọmọ ọdún 8 ni Tólú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Ẹjọ́ tí wọ́n fi sùn pọ̀. Kò lè jókòó sójú kan. Tíṣà ń kọ́ wọn lọ́wọ́, á dìde, á lọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n á rán an níṣẹ́ mẹ́ta, yóò jẹ́ ọ̀kan, yóò gbàgbé méjì. Wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè títí orúnkún rẹ̀ fi dúdú. Ìyá bàbá rẹ̀ ní ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ló ń bá a ṣeré. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi ààwẹ̀ lé ẹ̀mí àgídí kúrò lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè: “Omi tó ń mu pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń mu ún bí ẹni tó ti oko dé. Ẹ tún wo ara rẹ̀.” Mo fi ọwọ́ pa apá ọmọ náà. Ó rí ṣákaṣàka bí èèpo iṣu, kóró kéékèèké kún ibi tí irun ti hù. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí ṣúgà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ ni ọmọ náà ṣe dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Kò ṣubú. Ojú rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ ń jẹ ohun tí kò sí lẹ́nu, ọwọ́ ọ̀tún ń fa etí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ní òun fẹ́ sùn.

Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ wò ó! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tíṣà ní àìgbọràn ni.”

Wárápá ni. Àwa tí a dàgbà sí ibí mọ wárápá tí ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, tí ìtọ́ ń yọ lẹ́nu. Èyí tó kàn ń gba ọmọ lọ fún ìṣẹ́jú kan tó sì ń dá a padà, a kì í pè é lórúkọ. A máa ń pè é ní àgídí, tàbí àìfọkànsí, tàbí ẹ̀mí. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá gìrì ti mú un rí. Ó ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 3, ibà wọ orí rẹ̀, gìrì mú un léraléra, kò mọ ẹni tó ń pè é fún ọjọ́ méjì. Ibà tó bá wọ ọpọlọ lè fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wárápá, àìlèjókòó àti ìṣòro ìwé kíkà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì lè pẹ́ kó tó hàn.

Dókítà tó máa ń wá bá wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó bi ìyá Tólú ní ìbéèrè kan tó bà á lẹ́rù: ṣé ó ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó kú ní kékeré, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀? Kò sí. Nígbà tí wọ́n jáde, mo bi í ohun tó ń wá. Ó ní àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní adrenoleukodystrophy. Ìyá ló ń gbé e, ọmọkùnrin ló sì máa ń mú jù. Ara ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fọ́ irú ọ̀rá kan tó gùn jù sí wẹ́wẹ́, ọ̀rá náà á máa kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì ba ọpọlọ jẹ́. Láàárín ọdún 4 sí 10 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ, bó sì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ló dà bí ti Tólú: ọmọ tó ń gbọ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ mọ́, ìwé rẹ̀ ń bàjẹ́. Awọ ara lè máa dúdú sí i pẹ̀lú.

Ó wá sọ ìtàn Lorenzo Odone fún mi, ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1978, tó sì kú ní 2008. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe dókítà, síbẹ̀ wọ́n ka ìwé títí wọ́n fi rí òróró kan tó ń mú ọ̀rá gígùn yẹn wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dára lórí ìwé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ tí àìsàn náà ti wọ ọpọlọ wọn, òróró náà kò dá a dúró. Ìwé ń sọ pé ó ti san, ọmọ sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, ó sì wúlò fún mi ní oṣù Kẹjọ.

Ti Tólú kò jọ ìyẹn. Ó lágbára lẹ́sẹ̀, ojú àti etí rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì sí ohun tó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe tí kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré: PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 28, a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Wọ́n ta iṣu díẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà gba Mọ́pà àti Ìsánlú kọjá, wọ́n gba Ẹ̀gbẹ́ wọ Òmù-Àrán, títí dé Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ EEG ka iná ọpọlọ rẹ̀. Ibi kan ní ẹ̀gbẹ́ orí lápá òsì ló ń tan iná tí kò yẹ. Wọ́n kọ carbamazepine, oògùn wárápá, fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú oṣù Kẹta.

Bùnmi, ọmọ ọdún 10, ni mo fún níṣẹ́. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ, yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan fún un, mo ní kó máa fa ìlà kan sínú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá rí i tí àbúrò rẹ̀ “lọ.” Mo ti bá ọ̀pọ̀ àgbà ṣiṣẹ́ tí kò lè kọ ohun tí ọmọ yìí kọ. Ní oṣù Kejì, kí oògùn tó dé, ìlà 38. Ní oṣù Kẹrin, 9.

Inú oṣù Karùn-ún ni oníkápúsù dé. Ọkùnrin kan ni, ó wọ kóòtù funfun, ó gba àyè sọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òróró ẹja ni oúnjẹ ọpọlọ. Ó ní àwọn òyìnbó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò lè jókòó wò, wọ́n rí i pé ọ̀rá inú rẹ̀ kò pé. Ó ní awọ gbígbẹ àti òùngbẹ ni àmì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: gbogbo ìyẹn ló ní ìdí. Ibi tí ó ti wá yà kúrò lọ́nà ni ibi tó ti ní oògùn wárápá ń pa ọpọlọ ọmọdé, pé kí ẹni tó bá ń lo tirẹ̀ fi í sílẹ̀ kí òróró lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹnìkan bi í léèrè, ó ní ọdún 1921 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ń fi ọ̀rá wo wárápá. Mo mọ ibi tó ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ. Oúnjẹ ketogenic ni, oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi tí ìyẹ̀fun àti ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, tí dókítà kan ní ilé ìwòsàn Mayo dábàá rẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ń lò ó títí dòní fún wárápá tí kò gbọ́ oògùn, dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ ló sì ń mójú tó ọmọ náà. Kápúsù kan láàárọ̀ lẹ́yìn iyán kò bá a tan rárá.

Ìyá Bùnmi san ₦18,000 fún ìgò kan tó ní 30 kápúsù nínú. Owó gààrí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Kò sọ fún mi. Ó dá oògùn wárápá ọmọ náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, pátápátá.

Ìwé Bùnmi fún oṣù Karùn-ún: ìlà 41. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, wárápá náà kò wá fún ìṣẹ́jú kan mọ́. Ó gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò sì fi í sílẹ̀. Ọlọ́kadà gbé e dé ọ̀dọ̀ mi láàárín bàbá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀. Gìrì tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5 ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Èyí ti lé ní 20. Mo fi diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, sí i láti ìdí, mo fún un ní atẹ́gùn, mo dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí ara rẹ̀ dẹ̀, tó fa èémí gígùn, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ìgò kápúsù náà sí mi láì sọ ohunkóhun. Bí a bá já oògùn wárápá dúró lójijì, ohun tó sábà máa ń ṣe nìyẹn. Mi ò bá a wí. Èmi ni mo yẹ kí n ti kìlọ̀ fún un ní oṣù Kẹta pé kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Oògùn ni mo kó lé e lọ́wọ́, mi ò fún un ní ìkìlọ̀.

A dá carbamazepine padà bí dókítà ṣe là á sílẹ̀. Ìlà oṣù Keje: 6.

Àbúrò ìyá Bùnmi tó wà ní Ìlú Ọba gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe jiyàn mọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó fi páálí kékeré ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ nílé: a ó gún ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí, yóò gbẹ, a ó dá a padà. Páálí méjì ló wà nínú àpò náà, bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Ọ̀kankan kò bàjẹ́. Mo bi ìyá wọn bóyá mo lè fi èkejì gba ti Bùnmi. Ó ní, “Kí ló ṣe Bùnmi?” Mo ní kò sí ohun tó ṣe é, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn. Mo fi ìka yí ojú fóònù náà sísàlẹ̀. Ti Tólú, 3.2. Ti Bùnmi, 3.4.

Bùnmi ló ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀. Ó lè jókòó ṣa ẹ̀wà láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ láì dìde. Mo gbé fóònù náà fún ìyá wọn, mo ní kó ka ìlà kejì. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, “Ìkòkò kan náà ni wọ́n ń jẹ.”

Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wọ̀n gan-an nìyẹn, ohun tó ń ti inú ìkòkò wọ inú ara. Ásíìdì ọ̀rá ni àwọn ègé tí ọ̀rá pín sí. Àyẹ̀wò náà ń wo awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa: nínú ìdá 100 gbogbo ásíìdì ọ̀rá tó wà níbẹ̀, mélòó ni EPA àti DHA, méjì nínú irú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní omega-3, tó pọ̀ nínú ẹja olóràá? Àwọn olùwádìí méjì, Harris àti von Schacky, ló dábàá rẹ̀ ní ọdún 2004. Wọ́n ní 8 sókè dára, 4 sílẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń sọ, ikú àìsàn ọkàn ni wọ́n ń wò. 8 tí Ìyá Bùnmi ń nà sí mi kì í ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tó lè jókòó.

Ẹni tó bá mọ oúnjẹ wa kò ní bú ẹnikẹ́ni nítorí 3.2. Iyán, ọ̀kà, ẹ̀bà, ẹ̀wà. Ọ̀rá tó wà nínú epo pupa, bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń dì. Ọ̀rá egúsí àti òróró ẹ̀pà kún fún irú ọ̀rá mìíràn, omega-6, omega-3 fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú wọn. Òróró sóyà ní díẹ̀, ẹ̀fọ́ ní díẹ̀, ara sì lè fi díẹ̀ yẹn ṣe EPA, ṣùgbọ́n DHA tó ń ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Òkun jìnnà sí Kábbà. Pàǹlá tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ẹja tí kò lọ́ràá ni, bó ti wù kó dùn tó. Bẹ́ẹ̀ DHA wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ọpọlọ: bí a bá fa omi inú ọpọlọ gbẹ, bí ìdá 60 nínú 100 ohun tó kù ni ọ̀rá.

Nítorí náà mi ò lè sọ fún un pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Ní ọdún 1929, George Burr àti ìyàwó rẹ̀ Mildred yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ eku, awọ eku ń ṣí bí ìpẹ́, omi tí wọ́n ń mu sì pọ̀ sí i. Ní 1995, ní yunifásítì Purdue, wọ́n fi ọmọkùnrin 53 tó ní ADHD, ìyẹn àìlèjókòó àti àìlèfọkànsí, wé 43 tí kò ní in. Ọ̀rá wọ̀nyí kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àkọ́kọ́, àwọn tí òùngbẹ àti awọ gbígbẹ ń dà láàmú nínú wọn ni tiwọn sì kéré jù. Àwọn olùwádìí mìíràn tún ti rí ohun tó jọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kíkéré ọ̀rá kò sọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ tí kò lè jókòó jẹun tán lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ kéré nítorí pé kò jókòó.

Ìbéèrè tí ìyá èyíkéyìí máa bi ni pé, bí mo bá wá fún un, ṣé yóò san? Ní Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2005, wọ́n fún àwọn ọmọ 117 tí ara wọn kò já fáfá ní òróró ẹja tàbí òróró ìtànjẹ, èyí tí kò ní ohun tí wọ́n ń dán wò, fún oṣù mẹ́ta. Ìwé kíkà àti sípẹ́lì sunwọ̀n, ara kò já fáfá sí i. Ní 2012, ní Oxford, àwọn ọmọ 362 ló gba DHA tàbí òróró ìtànjẹ; àwọn tí ìwé kíkà wọn kéré jù nínú àwọn tó gba DHA tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn olùwádìí kan náà tún un ṣe, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, wọn kò rí i mọ́. Ní ti ADHD, nígbà tí wọ́n kó ìwádìí 10 pọ̀ ní 2011, ọmọ 699, òróró náà ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an sí ohun tí oògùn ADHD ń ṣe. Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Bùnmi ní èdè tiwa, láì yọ ibi tó dùn tàbí ibi tó korò. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, “Ẹja ńkọ́?”

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju ohun gbogbo tí mo gbọ́ lọ́dún náà lọ.

Mo mú ìgò kápúsù náà, mo ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: 180 mílígíráàmù EPA, 120 DHA, àròpọ̀ 300. Ègé Titus tó lọ́ràá, gíráàmù 100, lè ní ju gíráàmù 1 lọ, ìyẹn ju kápúsù 3 lọ, ó tún ní purotéènì àti adùn. Ṣàwá náà dára. A lọ bá ìyá ẹlẹ́ja tó ní fíríìsà nítòsí gáréèjì ní Kábbà. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wo ojú ẹja àti ìjàgbá rẹ̀, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹja dì, kó yọ́, kó tún dì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nínú ọbẹ̀, kì í ṣe nínú òróró tó ń hó. Gbogbo ilé ni yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe Tólú nìkan. Bàbá wọn ráhùn nípa owó títí ó fi ṣírò ₦18,000 sí ẹja. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Carbamazepine ń lọ, àárọ̀ àti alẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lo bí ọjọ́ 120 kó tó kú, nítorí náà a dúró di òpin oṣù Kejìlá kí a tó tún gún ìka. Àbúrò ìyá wọn tún fi páálí méjì ránṣẹ́. Tólú, 5.1. Bùnmi, 5.4. PCV Tólú ti di 34.

Ìlà inú ìwé ti ń wálẹ̀ kí ẹja tó dé: 41, lẹ́yìn náà 6 ní oṣù Keje tí oògùn padà. Lẹ́yìn ẹja, 2 ní oṣù Kẹsàn-án, 1 ní oṣù Kọkànlá. Oògùn ni mo fún ní ọlá yẹn. Awọ ara rẹ̀ dán ní oṣù Kẹwàá, mo sì fẹ́ sọ pé ẹja ni, àmọ́ ìyá rẹ̀ ti ń fi òrí pa á lálaalẹ́, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, apá náà tún funfun díẹ̀. Òùngbẹ rẹ̀ dínkù. Jíjókòó? Ó ń jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíṣà rẹ̀ tuntun fi í sí iwájú, ó ń pín iṣẹ́ fún un ní kéékèèké, kò sì jẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́. Ó tún ń sùn dáadáa. Ó ṣì ń gbàgbé nínú iṣẹ́ mẹ́ta, ìwé kíkà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ní wárápá tó sì tún ní àìlèjókòó kì í ṣe ohun àjèjì, dókítà sì ti ní kí á tún padà sí Ìlọrin nítorí ìyẹn. Èwo nínú gbogbo èyí ló wá láti inú ìkòkò, mi ò lè yọ ọ́ kúrò lára ìyókù.

Ìwé àkọ́kọ́ Bùnmi ti kún, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ ló ra èkejì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2024. Ìlà kan ló wà nínú oṣù náà, ó sì fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Kò lo oògùn alẹ́ àná. Ó ti sùn kí màmá tó ti ọjà dé.”